Fìlà Ìbejì tí Ìyá Rébecca Gé Lára Tòbí

Ní ọjà Sakété, lẹ́yìn ibi tí àwọn oní-gàrí ń to àpò sí, ìsọ̀ kan wà tí ọkùnrin kì í fẹ́ dúró pẹ́ níwájú rẹ̀. Sútíẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ́mú. Pupa, dúdú, aláwọ̀ ara, oní-fóòmù àti èyí tí kò ní fóòmù, gbogbo wọn so rọ̀ lórí okùn bí ẹja tí a ń sá. Jocelyne, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ló ni ọjà. Ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá Rébecca, ló ni ẹnu. Ìyá náà ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, kò sì sí oníbàárà tí yóò ra nǹkan lọ láìgbọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Victorine ń fi àtàǹpàkò tẹ sútíẹ̀ oní-fóòmù kan wò.

"Ìrọ̀rí lo fẹ́ rà ni, àbí aṣọ?" Ìyá Rébecca bi í.

"Ìyá, ọkọ mi ló ní kí n ra irú rẹ̀."

"Ṣé òun ni yóò wọ̀ ọ́?"

Victorine rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó sì fa àpótí kan jókòó. "Ó yá, ẹ sọ ti fìlà ìbejì fún mi kí n tó máa lọ."

Iléeṣẹ́ rédíò tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Pobè ló rán mi wá. Wọ́n ní kí n wádìí ohun tí àwọn obìnrin agbègbè wa ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ, láti ìgbà àwọn ìyá àgbà títí di òní. Mo rò pé iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ìyá Rébecca ní kí n fi ti fìlà sílẹ̀ ná, kí n gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

"Issaba ni wọ́n bí mi sí," ó ní. "Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni aṣọ àkọ́kọ́ tí mo mọ̀. Ọmọdébìnrin á sín ìlẹ̀kẹ̀, á sán bàntẹ́ lé e, ó parí. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí ọkùnrin ń bojú wẹ̀yìn wò, ìyá mi fi kíjìpá aláró rán tòbí fún mi. Okùn ló wà lókè rẹ̀. A ó fà á, a ó so ó mọ́ ìdí, a ó wá ró aṣọ lé e. Obìnrin tí kò bá wọ tòbí, ìhòòhò ló wà, ì báà ró aṣọ mẹ́ta. Inú rẹ̀ la tún ń kó nǹkan sí. Olè ọjà wo ló máa dé ibẹ̀?"

"Ìyá àgbà, tòbí yẹn wúwo ju ṣòkòtò jíìnsì lọ," Jocelyne sọ láìgbé ojú kúrò lórí ọjà rẹ̀.

"Tìrẹ ló fúyẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà kí ìjì má gbé ọ lọ."

Nígbà tí ó lọ́kọ ní Sakété, ó bá ọkọ rẹ̀ wọ ìjọ aláṣọ funfun, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Porto-Novo. Sùtánà funfun ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, oòrùn kì í sì bá aṣọ funfun bo àṣírí. Àwọn ìyá ìjọ wá bá a pé kí ó rán yẹ̀rì tí yóò dé ọrùn ẹsẹ̀ fún àwọn. Àwọn ọmọ wọn dàgbà, wọ́n ní kí ó gé e sí orúnkún. Lẹ́yìn náà ni ìdì aṣọ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Cotonou, àwọn ọmọ ọmọ kò sì bèèrè yẹ̀rì mọ́ rárá. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ara ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ sùtánà báyìí.

"Wọ́n ń fi ara bo ara," ni Ìyá Rébecca wí.

Mo lọ wò ó fúnra mi. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo dúró síta ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà tí wọ́n ń jáde bọ́ sínú oòrùn, ojú sì ń tì mí nítorí ibi tí mo ń wò. Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ni mo ń mọ ọjọ́ orí wọn láìwo ojú wọn.

Ti fìlà ni kò wọ̀ mí létí.

Bí ó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn nìyí. Pobè ni ó ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ọ̀gá rẹ̀ rán an pé kí ó gbé aṣọ fèrèsé lọ fún obìnrin òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ. Ó dé àgbàlá, ó sì rí ohun kan tí wọ́n sá sórí okùn.

"Fìlà ni mo rí," ó ní. "Méjì, funfun, orí wọn ṣe ṣóńṣó. Wọ́n rán ọ̀kan mọ́ ẹnìkejì. Okùn tún wà lára wọn tí ènìyàn lè so sábẹ́ àgbọ̀n. Mo ní, òyìnbó yìí mà gbọ́n. Ó bí ìbejì, ó so fìlà wọn pọ̀ kí ọ̀kan má baà gba tirẹ̀ ṣáájú èkejì."

Ẹni tí wọ́n bí ní ìlú wa yóò mọ̀ pé èrò náà kì í ṣe ti wèrè. Ohun tí a bá fún Táyé la gbọ́dọ̀ fún Kẹ́hìndé lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti fa ìjà lé ara wa lórí. Obìnrin kan sì wà ládùúgbò wọn ní Issaba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ọkùnrin. Rébecca fẹ́ fi fìlà òyìnbó náà ta á lọ́rẹ. Kò ní aṣọ tí yóò fi rán an, ó bá gé e lára tòbí tí ìyá rẹ̀ rán fún un.

Inú ìyá ìbejì dùn. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ó pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan sáyà, ó gba fìlà aláró náà kọjá lórí èjìká rẹ̀ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ó di Pobè. Àwọn obìnrin ọjà ń kan sáárá sí i. Àárín wọn ni obìnrin òyìnbó ti pàdé rẹ̀.

"Ó wo orí Táyé," ni Ìyá Rébecca wí, "ó wo orí Kẹ́hìndé, ó wá wo àyà ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọjà."

Wọ́n wá Rébecca kàn. Òyìnbó náà mú un lọ sílé, ó fi ibi tí wọ́n ń wọ nǹkan náà hàn án, ó sì fún un ní ògbólógbòó kan pé kí ó tú u wò kí ó lè kọ́ ọ. Bí ó ṣe di ẹni tó ń rán sútíẹ̀ nìyẹn, kí ti àlòkù tó wá gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní Issaba," ó fi kún un. "Kẹ́hìndé ni. Ti Táyé, mo gbọ́ pé ó ti bọ́ sí apá Èkó."

Victorine nu omi ojú. Ó hàn pé ó ti mọ ìtàn náà bí ẹni mọ orin, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín dé ibi tí ó fi ń yọ́ lórí àpótí.

Èmi kò gbà á. Ìtàn tó bá dùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí a wá ẹlẹ́rìí sí i: ẹ̀kọ́ tí mo gbà ní yunifásítì nìyẹn. Mo bi í pé ọmọbìnrin wo láyé ìgbà yẹn ló jẹ́ fi abẹ́ gé tòbí tí ìyá rẹ̀ fún un.

"Èmi ni," ó ní. "Ṣé ẹ̀rí lo ń wá? Issaba kò jìnnà."

Jocelyne sìn mí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà, àwọn zẹ́míjàn, ń dúró sí. Ó pè mí bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lágbègbè wa: "Dadá, bí ẹ bá dé Issaba, ẹ bá mi bẹ Bàbá Kẹ́hìndé."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Pacôme, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tí ń wa ọkọ̀ ńlá ní ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Onigbolo, ọmọ Kẹ́hìndé yẹn gan-an ni. Òpin oṣù ni wọ́n dá ọjọ́ kíkan ilẹ̀kùn sí, ọjọ́ tí ìdílé ọkọ yóò wá fi ara hàn nílé ìyàwó. Bàbá ọkọ sì ti sọ pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilé Ìyá Rébecca. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Pacôme ní bóyá nítorí orúkọ àwàdà tí wọ́n ń pe bàbá òun ni," Jocelyne wí. "Ìtàn ìyá àgbà ti dé ibi gbogbo. Bí bàbá kò bá sì wá, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn? Mò ń ta ohun ìyàwó fún gbogbo Sakété, ẹ ẹ̀ wá rí i pé tèmi ló máa wá wọ́."

Mo gun ọkadà lọ sí Pobè, mo sì gba ibẹ̀ lọ sí Issaba.

Maxime Kẹ́hìndé Ọdẹ́wálé ti fẹ̀yìn tì kúrò nílé iṣẹ́ símẹ́ńtì. Ó ń da àgbàdo sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí mo dé. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

"Àwọn onísútíẹ̀ ló rán ọ."

"Jocelyne ló ní kí n bẹ̀ yín, bàbá. Èmi fúnra mi fẹ́ bèèrè bóyá ìtàn fìlà yẹn ṣẹlẹ̀."

Ó tẹ́ àgbàdo náà síwájú sẹ́yìn. "Nílé ẹ̀kọ́, Sútíẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Mo gba iṣẹ́ ní Onigbolo, mo rò pé mo ti bọ́. Ẹnìkan lára wa lọ ra nǹkan fún ìyàwó rẹ̀ ní Sakété, ó bá mi gbé orúkọ náà bọ̀. N kò bínú. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn?"

Ó dìde, ó gbọn èèpo àgbàdo kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Wọlé wá."

Lórí pẹpẹ kan ní ìyẹ̀wù rẹ̀ ni mo ti rí ère ọmọkùnrin kékeré kan. Wọ́n ti fi osùn pa á títí ojú rẹ̀ fi ń dán. Àwo ẹ̀wà kékeré wà níwájú rẹ̀. Fìlà aláró kan ló dé, orí fìlà náà ṣe ṣóńṣó. Lápá ọ̀tún, okùn kan ń rọ̀ wálẹ̀. Lápá òsì, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e, òwú ibẹ̀ sì ti tú. Mo tẹ orí ba. Ní etí fìlà náà, mo rí ojú rírán tí ó ṣófo nínú bí ibi tí okùn ń gbà kọjá, irú èyí tí ó máa ń wà lókè tòbí.

"Àbúrò mi nìyẹn," Kẹ́hìndé wí. "Èmi ni mo rán an pé kó lọ wo ayé fún mi. A kò tíì já wa lẹ́nu ọmú tí àìsàn fi mú un. Ìyá wa gé fìlà náà sí méjì. Tèmi ni wọ́n sin mọ́ ọn, kí ó rí nǹkan mi dì mú, kí ó má baà wá mi wá. Tirẹ̀ ni ó dé yẹn."

Mo bi í bóyá Ìyá Rébecca mọ̀.

"Níbo ni yóò ti mọ̀? Ó ti kúrò nílùú yìí nígbà náà. Ẹni tó bá sì bi ìyá mi léèrè wa, ohun tó máa ń sọ ni pé, 'Àwọn méjèèjì wà.' A kì í ka ìbejì ní ẹyọ kan. Kò sì purọ́. Wò ó níbẹ̀ yẹn." Ó fi ìka tún fìlà náà gbé kalẹ̀ dáadáa. "Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí, mo lè gbé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kíkan ilẹ̀kùn, wọn yóò ní kí ìyá yẹn sọ ìtàn. Mo mọ̀ wọ́n, wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé yóò bú sẹ́rìn-ín. Fìlà orí Táyé ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, kí èmi wá jókòó láàárín wọn, kí n fi eyín funfun síta?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un, bàbá."

"Ìwọ akọ̀ròyìn. Ṣé ìwọ lè mú ọ̀rọ̀ mọ́nú?"

"Wọn kò gbà mí síṣẹ́ fún ìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá yẹn àti Jocelyne nìkan ni kí o sọ fún. Rédíò kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, àfi bí mo bá ní kí ó gbọ́."

Mo padà sí Sakété. Mo mú Ìyá Rébecca wọ inú ilé, èmi àti òun àti Jocelyne, mo sì sọ ohun tí mo rí. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ fa etí ìró rẹ̀ tọ́. Nígbà tí a padà sí ìsọ̀, Victorine ti wà níbẹ̀, sútíẹ̀ oní-fóòmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ pààrọ̀, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání.

"Ìyá, ẹ bá mi sọ ti fìlà ìbejì fún ẹni yìí. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀rín máa pa á."

"Ìtàn yẹn kò sí lórí igbá mọ́," Ìyá Rébecca wí. "Jocelyne, wo ìwọ̀n tó fẹ́ kí o pààrọ̀ rẹ̀ fún un."

Victorine wo ojú mi, mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá àgbà náà ní kí Jocelyne bá òun gbé àpótí onígi òun wá láti ilé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló fọwọ́ sí. Tòbí kan ló fà yọ, aró rẹ̀ ti ṣá, igun kan rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí itan mi.

"Mo sọ fún ọ pé mo gé e. O ò gbà."

"Mo ti gbà, ìyá."

"O ní fìlà yẹn ti tú?"

"Ẹ̀gbẹ́ kan ti tú. Ó ti gbó."

"Ó kù tí mo lè gé lára èyí."

Jocelyne yọ orí wo àwọn ìsọ̀ tó múlé gbè wọ́n kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ìyá àgbà, ère ni o. Ẹ̀yin ìyá ìjọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

Ìyá Rébecca ń wá òwú tó bá aró mu. "Kí wọ́n gbọ́ ọ. Mi ò rán aṣọ fún òrìṣà rí, mi ò sì ní rán an. Ọmọ ni mo rán fìlà fún. Ṣé kí n wá gbà á lórí rẹ̀ nítorí pé ó kú?" Ó rí òwú náà. "Bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

A wọ ọkọ̀ lọ sí Issaba, àwa mẹ́ta. Kẹ́hìndé wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ìyá arúgbó náà bó ṣe ń ti ọkọ̀ sọ̀, ó dìde, kò sì tètè mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ìyá Rébecca kò jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó fi ọwọ́ kan ti ògiri.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú ilé," ó ní.

Àwa tó kù, ẹnìkan ṣoṣo là bá kí. Ojú Kẹ́hìndé yí padà nígbà tí ó gbọ́ "méjèèjì". Ó fà á dìde ní apá, ó sì mú un wọ ìyẹ̀wù.

Ìyá Rébecca dúró níwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, ó yọ okùn kan jáde nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó fi yí orí Táyé ká, ó so kókó síbi tó dé.

"Orí rẹ̀ kò dàgbà," ó ní. Ó kọjú sí Kẹ́hìndé. "Tẹríba."

"Èmi náà?"

"Ṣé o ti gbàgbé ibi tí o ti wá? Ta ló ń rán fìlà fún ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀?"

Ọkùnrin tí ó ti di baba ọmọ márùn-ún kúnlẹ̀, ó fi orí funfun rẹ̀ sílẹ̀, ìyá náà sì wọ̀n ọ́n. Ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó ní orí Ọdẹ́wálé a máa tóbi. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó gé tòbí ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an.

"Ṣé ẹ óò tún so wọ́n pọ̀?" Kẹ́hìndé bi í. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Okùn ni màá fi sí i bíi ti tòbí. Bí o bá ń jáde, o tú u. Bí o bá wọlé, o so ó."

Ó rán an títí ó fi tán. Jocelyne ń bá a mú etí aṣọ. Mo rí i pé ojú rírán tí ìyá náà ṣe fún ṣóńṣó fìlà náà kì í ṣe ti fìlà ní tòótọ́. Bó ṣe ń gé sútíẹ̀ láyé ọjọ́un ló ṣe gé e, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

Kẹ́hìndé wá lọ́jọ́ kíkan ilẹ̀kùn. Fìlà aláró ṣóńṣó náà ló dé, okùn kan ń fì létí rẹ̀. Victorine fi etí gèlè di ẹnu ara rẹ̀. Nínú yàrá, kí wọ́n tó pe ìyàwó jáde, Ìyá Rébecca ti fi ìka kan ìdí Jocelyne, níbi tí ó ti wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń fún ikùn mọ́ra, ó ní, "Páànù ni wọ́n fi kàn án ni? Tòbí kò le tó báyìí."

Nígbà tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ti ṣí i, tí wọ́n sì ti jẹun, ohun tí Kẹ́hìndé bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ké sí Ìyá Rébecca pé kí ó sọ ti fìlà. Ìyá náà mi orí, ó ń wo àwo oúnjẹ rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi ni mo ni ín," ó ní.

Kẹ́hìndé gbé ife sílẹ̀. Ó wo gbogbo wọn yíká, ó sì na ọwọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí. "Akọ̀ròyìn, o lè kọ èyí. Má kọ ẹyọ kan. Méjì ni wá." Ó tún fìlà rẹ̀ gbé. "Lọ́jọ́ kan, ìyá wa gbé èmi àti Táyé lọ sí ọjà Pobè. Ó dé fìlà funfun kan fún wa..."

"Aláró ni," Ìyá Rébecca wí.

"Fìlà aláró kan. A sì rí obìnrin òyìnbó kan tó ń ra ọsàn..."

"Kò ra ọsàn kankan. Níbo lo ti mọ̀ ọ́n? Ọmọ ọwọ́ ni ọ́."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin wà nínú fìlà náà ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

Ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kan di okùn tó wà létí rẹ̀ mú.